Ìmọ̀ràn Ló Yẹ Kó Ṣáájú Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá sọ níbi ìpàdé Sẹ́tímẹ́ǹtì

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ mọ́ ilé ju oko lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bí ilé kò bá tòrò, oko kò lè gún. Ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn ìtọ́jú tuntun tó ti jáde fún ìlera àwọn obìnrin. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn kan á máa wolẹ̀, àwọn mìíràn á máa fi ẹ̀rín bo ojú. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ọmọ ìyá.

A kò wá sọ iye ọmọ tí ẹnikẹ́ni yóò bí. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Kí obìnrin tó gba abẹ́rẹ́, kí ó tó gbé oògùn mì, kí ó tó jẹ́ kí a fi ohunkóhun sí apá rẹ̀ tàbí sí ilé ọmọ rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jókòó tì í, kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, kí ó ṣàlàyé fún un, kí ó sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ibi tí ìmọ̀ràn yìí kò bá ti sí, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù àti ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÈTÒ KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ

Àwọn kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í sùn pọ̀ títí ọmọ yóò fi rìn, tí a ó sì fi já a lẹ́nu ọmú. Èyí a máa tó ọdún méjì, ní ibòmíràn ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà gbà pé àtọ̀ ọkùnrin a máa ba omi ọmú jẹ́. Ìmọ̀ ìṣègùn kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé àtọ̀ kì í dé ibi tí omi ọmú wà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fojú rí kì í ṣe irọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá tètè lóyún mìíràn a máa rù, nítorí pé a ó já a lẹ́nu ọmú kí ó tó mọ oúnjẹ jẹ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó gbé ètò àwọn àgbà yìí ró. Agbo ilé ńlá ni wọ́n ń gbé. Ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó kò jìnnà. Abiyamọ lè máa sùn ní yàrá ìyá rẹ̀ títí ọmọ yóò fi lè rìn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ní ju ìyàwó kan lọ. Ní Sẹ́tímẹ́ǹtì wa yìí ńkọ́? Tọkọtaya kan, yàrá méjì, àti àwọn ọmọ. Ìyá wà ní Ìkìrun tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá tilẹ̀ wọ ọkọ̀ wá láti wẹ ọmọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sídìí ọjà rẹ̀. Odi tí àwọn àgbà mọ yí abiyamọ ká ti wó lulẹ̀ níhìn-ín, a kò sì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ọmọ tó ń rákò pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin nínú ilé kan náà. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa kò mọ ìwà hù mọ́. Ilé tí a ń gbé ló yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá.

OHUN TÓ WÀ NÍDÌÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí a ń gbin àgbàdo sí lọ́dọọdún tí a kò jẹ́ kí ó di ìgbòrò. Ara obìnrin náà ń fẹ́ ìsinmi. Ọmọ inú ń fa ẹ̀jẹ̀ àti okun lára ìyá, ìbímọ ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ọmú tí ọmọ ń mu ń gba oúnjẹ lára rẹ̀. Bí oyún mìíràn bá dé kí ara tó padà sípò, obìnrin náà yóò wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá ń da ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kò ní èyí tí yóò fi ṣòfò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, kí tọkọtaya dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, kí wọ́n tó tún wá oyún. Bí oyún bá wálẹ̀, kí wọ́n dúró fún oṣù 6, ó kéré tán.

Ìṣirò tí àwọn àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé ní ọdún 2023 nìkan, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú ní Nàìjíríà nítorí oyún tàbí ìbímọ. Èyí ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé lọ. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 sí 2024, sọ pé nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ ní orílẹ̀-èdè wa, 15 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Àwọn bí 21 nínú 100 ni kò fẹ́ lóyún mọ́, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi àyè sí i, ṣùgbọ́n tí wọn kò lo ọ̀nà kankan. Àwọn 21 yìí ni ọ̀rọ̀ wa ń bá wí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dí wọn lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun náà kì í ju ìbẹ̀rù tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn yanjú lọ.

BÍ ÌMỌ̀RÀN TÓ PÉ ṢE RÍ

Bí o bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n kàn ní kí o na apá tàbí ìdí fún abẹ́rẹ́ láìbi ọ́ ní nǹkan kan, ó tọ́ kí o sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè." Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò bi ọ́ bóyá o tún fẹ́ bímọ, àti ìgbà tí o fẹ́ ẹ. Yóò bi ọ́ iye oṣù tí ọmọ ọwọ́ rẹ jẹ́, àti bóyá ọmú nìkan ni ó ń mu. Yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Yóò bi ọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ kan ń wá lójú ara tí o kò mọ ìdí rẹ̀, bóyá orí fífọ́ tó le tó ń ṣú ojú máa ń ṣe ọ́, àti irú oògùn tí o ń lò. Ìbéèrè oògùn yìí ṣe pàtàkì. Oògùn ikọ́ ife kan tí wọ́n ń pè ní rifampicin àti àwọn oògùn wárápá kan máa ń sọ agbára oògùn oníhóró àti ti ọ̀pá abẹ́ awọ di aláìtó. Ẹni tó ń lo irú wọn yóò gba ìmọ̀ràn mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣàlàyé bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, bí yóò ti pẹ́ tó, àyípadà tí o lè rí lára rẹ, ìgbà tí o gbọ́dọ̀ sáré padà wá, àti bí a ṣe ń dáwọ́ rẹ̀ dúró bí o bá fẹ́ lóyún. Bí ó bá ti ṣe gbogbo èyí, ìwọ ni yóò yàn. Bí o bá sì sọ pé o fẹ́ lọ rò ó, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú ọ.

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÀWỌN Ọ̀NÀ NÁÀ

A ó kà wọ́n ní ṣókí. Nínú 100 tọkọtaya tí wọn kò ṣe nǹkan kan, nǹkan bí 85 ni obìnrin wọn yóò lóyún láàárín ọdún kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń wo ìyókù.

Èkíní ni fífún ọmọ ní ọmú nìkan. Ó ń dènà oyún gan-an, ó tó 98 nínú 100, bí ohun mẹ́ta bá pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kí ó máa mu ọmú nìkan tọ̀sán tòru láìsí omi tàbí ògì, kí nǹkan oṣù ìyá má sì tíì padà. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ààbò náà ti tán, ẹ wá òmíràn.

Èkejì ni ọ̀pá abẹ́ awọ apá, tó tinrin bí igi ìṣáná. Èyí tó jẹ́ ọ̀pá kan ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3, èyí tó jẹ́ ọ̀pá méjì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 5. Kò tó ẹnì kan nínú 100 tó ń lóyún lórí rẹ̀ lọ́dún. Abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú lè gbà á láìpẹ́ lẹ́yìn ìbímọ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní lúùpù, tí a ń fi sínú ilé ọmọ. Ó rí bí lẹ́tà T, a sì yí bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10, kò sì ní èròjà kankan tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun náà kò tó ẹnì kan nínú 100. Ó lè jẹ́ kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, pàápàá ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tí a bá yọ ọ́ ni obìnrin ti lè lóyún.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Bí a ṣe ń lò ó gan-an, tí àwọn mìíràn ń gbàgbé ọjọ́, nǹkan bí 4 nínú 100 ló ń lóyún lọ́dún. Kí abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú dúró tó ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èyí fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá dá a dúró, oyún lè pẹ́ kí ó tó dé, ó lè tó nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Kò sọ obìnrin di àgàn o. Ó kàn ń pẹ́ kí ó tó tán lára ni.

Ẹ̀karùn-ún ni oògùn oníhóró tí a ń lò lójoojúmọ́. Nǹkan bí 7 nínú 100 ló ń lóyún lórí rẹ̀, nítorí ìgbàgbé. Oríṣi méjì ló wà. Oríṣi kan kò yẹ fún abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù 6, kò sì yẹ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri ọjà.

Ẹ̀kẹfà ni kọ́ńdọ́ọ̀mù. Nǹkan bí 13 nínú 100 ló ń lóyún, nítorí pé a kì í lò ó nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí a kà yìí, òun nìkan ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò HIV àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀.

Ọ̀nà kíka ọjọ́ náà wà fún àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kò gba òmíràn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé láàárín ọjọ́ 26 sí 32 yóò yẹra láti ọjọ́ 8 títí di ọjọ́ 19, kí a ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ kìn-ín-ní. Nǹkan bí 12 nínú 100 ló ń lóyún lórí rẹ̀. Ó ń fẹ́ kí ọkọ gbà pẹ̀lú aya tọkàntọkàn.

Oògùn pàjáwìrì náà wà, fún ìgbà tí kọ́ńdọ́ọ̀mù bá ya, tàbí tí wọ́n bá fipá bá obìnrin lò. Kí a lò ó kíákíá, kí ó má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. A bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí kán-ún, búlùú ìfọṣọ àti àgúnmu tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin láti fi ṣẹ́ oyún. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè pa ènìyàn.

Ẹ̀RÙ TÓ Ń LÉ OBÌNRIN KÚRÒ

Ohun tí a ń bá pàdé jù nínú iṣẹ́ wa nìyí. Ìyá kan gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kejì, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kò dá. Nígbà tó yá, nǹkan oṣù kò wá mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i nínú. Aládùúgbò ní ó ti di jẹjẹrẹ. Ọkọ ní, "Mi ò sọ fún ọ?" Obìnrin náà kò padà lọ gba èkejì, kò sì lọ béèrè òmíràn. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, oyún ti dé, ọmọ ọwọ́ kò sì tíì gbó.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ló já obìnrin yìí kulẹ̀. Ìmọ̀ràn tí kò rí gbà ni. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ lè máa kán ní oṣù àkọ́kọ́, pé nǹkan oṣù sì lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá yá, ì bá ti mọ̀ pé ohun tí a retí ni. Ẹ̀jẹ̀ kò dì sí ibì kankan. Abẹ́rẹ́ náà kì í jẹ́ kí ara inú ilé ọmọ nípọn bí ó ti ń ṣe lóṣooṣù, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ya dànù. Ìkòkò tí a kò pọnmi sí, kí ni a ó dà jáde nínú rẹ̀?

Bákan náà ni wọ́n ń sọ pé ọ̀pá apá ń rìn dé ọkàn, pé lúùpù ń lẹ̀ mọ́ orí ọmọ. Ọ̀pá tí a fi sí abẹ́ awọ bó ti yẹ, ọwọ́ a máa bà á níbẹ̀ títí ọjọ́ tí a ó fi yọ ọ́. Lúùpù kì í sì í wà nínú àpò tí ọmọ inú wà.

Ṣùgbọ́n a kò sọ pé kí ẹ fara da ohun gbogbo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, bí orí bá ń fọ́ kíkankíkan, bí àyà bá ń dunni, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dunni, bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, tàbí bí nǹkan oṣù bá dá tí abẹ́ inú sì ń ro gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀nà kan kò bá sì bá ara mu, ẹ padà lọ gba òmíràn. Ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀ kì í torí ẹ̀ sọ pé òun kò ní wọ bàtà mọ́.

Ẹ̀YIN ỌKỌ, Ọ̀RỌ̀ YÍN LÓ KÀN

Ara obìnrin ni, òun ni nọ́ọ̀sì yóò sì bi. Ṣùgbọ́n ilé tí ọkọ àti aya bá ti jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló máa ń rọrùn. Àwọn ọkọ kan ń bẹ̀rù pé ìyàwó tó bá fètò sí ọmọ bíbí yóò máa rìn ìrìn kúrìn. Ẹ jọ̀wọ́, obìnrin tó jí ní ìdájí láti ro oko ẹ̀gúsí, tó gbé ọmọ pọ̀n, tó tún lọ pọn omi, ìgbà wo ló fẹ́ rìn ín? Ohun tó ń wá ni kí ara rẹ̀ sinmi díẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé Àlùkùránì, nínú Súrà Al-Baqarah, mẹ́nu kan fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì náà, ẹ bá àwọn aṣáájú ìjọ yín sọ ọ́. Bí ẹ bá ti ní irú ìmọ̀ràn tí ìgbàgbọ́ yín gbà, nọ́ọ̀sì yóò bá yín wá ọ̀nà tó bá a mu.

Fún ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ti tó o, ọ̀nà kan wà fún òun náà. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, tí a fi ń dí ojú ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbé irúgbìn ọmọ gbà. Kì í ṣe bí a ti ń tẹ òbúkọ lọ́dàá. Agbára ọkùnrin kò lọ. Ó ń gba oṣù 3 kí ó tó dá a lójú pé ó ti múlẹ̀, kò sì yẹ fún ẹni tó lè yí ọkàn padà.

ÀWỌN OHUN TUNTUN

Èkíní jẹ mọ́ àwa tí ọ̀nà wa jìn. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta kan wà báyìí tí oògùn àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà pọ̀ nínú ike kékeré kan. Abẹ́ awọ ikùn tàbí itan ni a ń gún un sí, kì í ṣe inú ẹran ara. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ obìnrin, tó sì rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n, ó lè máa gún ara rẹ̀ nílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní ọdún 2019, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Obìnrin lè mú ti oṣù mélòó kan dání kí iṣẹ́ oko tó wọra. Kí ó tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn àti ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, kí ó sì kó èyí tó ti lò sínú agolo tó ní ìdérí, kí ó dá a padà sí ilé ìwòsàn. Kí ó má jù ú sí ààtàn.

Ní ọdún 2019 kan náà, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin 7,829 ní Kẹ́ńyà, South Africa, Eswatini àti Zambia jáde. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn dókítà tẹ́lẹ̀ pé abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta lè jẹ́ kí obìnrin tètè kó HIV ju ọ̀pá abẹ́ awọ tàbí lúùpù lọ. Ìwádìí náà kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dènà HIV.

Ẹ̀kejì jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ, tó ń pa àwọn ìyá jù. Láyé ijọ́un, ojú lásán ni a fi ń wo iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, ojú sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 2023, èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tó sì kan ju 200,000 obìnrin lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ní Kánò ló ṣáájú apá ti Nàìjíríà. Wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá alámì ìwọ̀n sábẹ́ ìdí abiyamọ, kí agbẹ̀bí lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, wọn ó ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà: wọn ó fọwọ́ ra ikùn, wọn ó fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá, wọn ó fa omi sí i lára, wọn ó sì wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má fi ìkúnlẹ̀ mọ sílé.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ọmọbìnrin wa. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló tẹ̀lé ti ọmú nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń bá obìnrin jà jù ní Nàìjíríà. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ kan, wọ́n sì mú un dé àwọn ìyókù ní ọdún 2024. Àwọn kan ń sọ pé kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ lọ́jọ́ iwájú. Irọ́ ni. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí rárá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pé ọdún 30, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ní kí ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti òwú. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe lórí èyí dúró, nítorí náà ọjà lè wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ yín bá pé. Ẹ lọ béèrè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kọ́ńdọ́ọ̀mù títí yóò fi dé.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ má mú ọmọ yín tó ń lọ ilé ìwé lọ ṣe ògbufọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó gbọ́ èdè wọn dáadáa tó sì lè pa àṣírí mọ́ ni kí ẹ mú dání. Bí ẹ kò bá rí, ẹ wá sí ọ́fíìsì wa, a ó bá yín wá ẹni tó yẹ.

Ẹ tọ́jú káàdì yín. Ẹ kọ ọjọ́ àbọ̀ sí ara kàlẹ́ńdà tí ẹ fi ń ka ọjọ́ ajílẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá lè rántí ọjọ́ tí ẹ ó fún iṣu ní ajílẹ̀, ẹ lè rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìyàwó yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ bá wá wẹ ọmọ, kí ẹ tó padà sílé, ẹ bi aya ọmọ yín bóyá ó ti lọ gba ìmọ̀ràn. Yóò gbọ́ tiyín ju tiwa lọ.

Ní gbogbo ọjọ́ tí ọ́fíìsì wa bá ṣí, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, ohun tí ẹ bá sọ kò sì ní jáde. A ti fi àwọn àga sílẹ̀ lápá ọ̀tún fún àwọn ìyá tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn bàbá, ẹ máa bọ̀ lápá òsì.